Àwọn Ọmọ Wa Tí A Ń Tì Mọ́lé

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ epo mọ́tò. Ọ̀rọ̀ inú ilé wa ni, ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí àwa pàápàá tó gbé kálàmù lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa jáde nílé ní Ìdí-Ìrókò, a kò sì rí i mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga, irùngbọ̀n ti ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí ẹ bá bi í pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀, "Bàbá mi" ni yóò dá yín lóhùn. A wá a dé Ìhúnbọ̀, a wá a dé Ajílété. Ní ọjọ́ kẹta ni àwọn ọlọ́kadà ìhà kejì, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan, gbé e láti Ìgolò wá bá wa ní gáréèjì. Ojú rẹ̀ kan ti wú, ó sì ń tiro. Ẹ̀ṣọ́ kan ló ní kó dúró níbi àyẹ̀wò kan, kò dúró. Wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọ́n rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dùn wá jù. Ohun tó dùn wá jù ni pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí awakọ̀ yìí ti wà láàárín wa. A jọ ń san owó ẹgbẹ́, a jọ ń jẹ ìkómọ, a jọ ń sin òkú ara wa. Síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò mọ̀ pé ó ní ọmọ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ọwọ́ ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí a bi bàbá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún wa, ó ní, "Kí ni kí n wí? Ṣé kí ẹ lè máa fi mí ṣe ẹlẹ́yà ní gáréèjì ni?" A kò rí èsì fún un, nítorí a mọ ohun tí à ń sọ ní gáréèjì.

Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń yọ́ wá bá wa, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá wà lára wọn. Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Ọtà wà lára wọn, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kó jáde nígbà tó hàn pé ọmọbìnrin wọn kò ní sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, inú ilé ló ń ti ọmọ náà mọ́, nítorí ó mọ ohun tí àwọn ọkùnrin lè ṣe fún ọmọbìnrin tí kò lè wá sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá arábìnrin yìí lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ wá bá a ṣọ́ ọmọ náà ní òru kan.

Ẹ jẹ́ kí a tún orúkọ ṣe ná. Àwọn orúkọ tí a ní lẹ́nu fún irú ọmọ báyìí ni dìndìnrìn, ọ̀dẹ̀, sùẹ̀gbẹ̀. Èébú ni gbogbo wọn. Àwọn mìíràn a sì máa pè é ní wèrè, àṣìṣe ńlá sì ni. Wèrè jẹ́ àìsàn tó lè bá ẹni tó ti gbọ́n rí, tó ti kàwé, tó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ó lè dé, bí a bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè lọ. Ẹni tí òye rẹ̀ kò kún kì í ṣe aláìsàn; láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ́ nǹkan, ó kàn ń pẹ́ kọ́ ọ ni. Ohun tí ọmọ mìíràn mọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, òun lè mọ̀ ọ́n ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá ti mọ̀ ọ́n, kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nípa àwọn wèrè ní 1916 pa àwọn méjèèjì pọ̀, ó ka ẹni tí òye rẹ̀ kò kún mọ́ wèrè. A tún òfin náà tẹ̀ sínú ìwé òfin 1958, abẹ́ rẹ̀ la sì wà títí di oṣù kìíní 2023 tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Bí òfin bá ń pe ọmọ ẹni bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ni kọ̀ndọ́kítọ̀ yóò máa pè é?

Kí ni ó ń fà á? Ìbéèrè yìí ló ń tú ilé ká. Ìyá ọkọ á ní ìyàwó ló jẹ èèwọ̀, ẹbí ìyàwó á ní ìdílé ọkọ ló ń san gbèsè. Àwọn kan ti ta ọkọ̀ wọn nítorí àtiṣe ètùtù àti àdúrà. Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Ọmọ tí àwọn dókítà ń pè ní ọmọ Down, ohun àjogúnbá kan tó yẹ kó jẹ́ méjì nínú ara rẹ̀ ló di mẹ́ta láti ọjọ́ oyún. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n a lè dènà àwọn mìíràn, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ ka èyí fún àwọn ìyàwó yín. Ìrọbí tó pẹ́ jù, tí ọmọ kò fi tètè mí, wà lára wọn. Ibà apọ́njú tó ń mú ojú àti ara ọmọ tuntun pọ́n bí ìyeyè wà lára wọn. Bí a kò bá tètè gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, ó lè wọ ọpọlọ rẹ̀. Káńfọ̀, ìyẹn àwọn róbótó funfun tí à ń fi sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, lè fa ibà apọ́njú yìí. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin márùn-ún ní ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè gba káńfọ̀ rárá, nítorí náà ẹ má fi sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Bí giri bá mú ọmọ, ẹ má rọ ìtọ̀ màlúù fún un. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń pariwo rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ bátìrì, tí ẹ ń tú u, tí ẹ ń yọ́ ọ, yín ni èyí kàn. Òjé inú bátìrì ń ba ọpọlọ ọmọ kékeré jẹ́. Ní Zamfara ní 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù pa ọmọ tó ju 400 lọ, àwọn tí kò sì kú, ọ̀pọ̀ wọn ni ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ wẹ̀, kí ẹ tó lọ gbé ọmọ. Bí ọ̀gá kò bá fún yín ní ibi ìwẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn, ẹ wá sọ fún wa.

Ẹ má rò pé ilé akúṣẹ̀ẹ́ nìkan la ti ń fi irú ọmọ yìí pamọ́. Ìdílé Kennedy ní Amẹ́ríkà, níbi tí ààrẹ ti jáde, ní ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Rosemary, tí òye rẹ̀ kò kún. Ní 1941, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọpọlọ. Iṣẹ́ abẹ náà bà á jẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú kan ní Wisconsin. Ibẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ènìyàn kò gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Eunice Kennedy Shriver, ló tú àṣírí náà sínú ìwé ìròyìn ní 1962. Ní ọdún kan náà ló ṣí àgbàlá ilé ara rẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti máa ṣeré. Eré àgbàlá yẹn ló di ìdíje Special Olympics, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Chicago ní 1968. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó díje ní Abu Dhabi ní 2019 àti ní Berlin ní 2023. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀dẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ yẹn o, wọ́n wọ ẹ̀wù ilẹ̀ wa.

Kò sì yẹ kí a máa wo òkè òkun nìkan. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní Aró ní Abẹ́òkúta, láti 1954 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ẹbí aláìsàn a bá a wá, wọn a gbàlejò sí abúlé, aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ, a sì padà wá jẹun alẹ́ láàárín ènìyàn. Gbogbo ayé ló wá wo iṣẹ́ yẹn. Ní ìhà kejì ibodè ńkọ́? Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin tí a bí ní 1952 ní agbègbè Kétu, ẹni tó ń lẹ táyà ni, onítakisí sì ni ní Ivory Coast. Nígbà tó rí àwọn aláìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń rìn ní ìhòòhò ní Bouaké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ àwọn tí ẹbí wọn dè mọ́ igi lábúlé. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ni ti àwọn méjèèjì yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìkún òye, a sì ti sọ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àmọ́ ohun tí àgbẹ̀ Aró lè ṣe, tí alátáyà lè ṣe, kí ló ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó ní ọ́fíìsì, tó ní akọ̀wé, tó sì ní àpótí owó dúró?

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Ní oṣù kìíní 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ìyẹn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni fún un. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, mílíọ̀nù kan náírà. Òfin náà ní kí wọ́n kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó ní kí ẹni tí àléébù rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ tún ìlà yẹn kà. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ ọ rí? Nínú gbogbo òbí tó wá bá wa, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbọ́ ọ. Owó ìwòsàn ni wọ́n ń san láti ọjọ́ yìí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí gáréèjì tiwa. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kò sí gáréèjì kan láti Sàngó dé Ìdí-Ìrókò tí kò ní irú ọmọkùnrin yìí kan. Òun ló ń fọ ọkọ̀, òun ló ń gbé ẹrù sórí ọkọ̀, òun ló ń pe èrò láti ìdájí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kọ ni a óò fún un, tàbí ṣẹ̀pẹ̀ kí ó lè jó kí a rẹ́rìn-ín. Àwa tí a máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ bí owó oṣù bá pẹ́ ní ọjọ́ méjì, a ń lo ènìyàn láti oṣù dé oṣù láìsan kọ́bọ̀. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa, orúkọ wo la máa pè é? Ti àwọn onífàyàwọ́ ló tún burú jù, tí wọ́n ń di jálá epo rù wọ́n gba ọ̀nà igbó, nítorí wọn kò mọ̀ pé ìbọn ń pa ènìyàn.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ti pinnu pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ru ẹrù ní gáréèjì tó wà lábẹ́ wa, iye tí aláàárù yòókù ń gbà ni òun náà yóò gbà. Bí kò bá lè ka owó, akápò gáréèjì yóò máa fi í pamọ́ fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fún un ní ọtí, ẹgbẹ́ yóò bá a wí. A mọ̀ pé àwọn kan á kùn. Kí wọ́n máa kùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọnù náà kò le jù fún wa, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà bí àwa. Ọkọ̀ wa ń kọjá ní Òwòdé, ní Àtàn, ní Ìpókíà, ní Ìlaròó lójoojúmọ́, a sì mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ìhà kejì. Bí fọ́tò ọmọ náà bá wà lọ́wọ́ alága gáréèjì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ilé rẹ̀, kò yẹ kó di ọjọ́ kẹta kí a tó rí i. Ẹ má gbàgbé pé ní ayé ìsinsìnyí, àjèjì tí kò lè dáhùn ìbéèrè, gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n ń pè é, táyà ni wọ́n sì ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ ojú rẹ̀ ló lè gbà á sílẹ̀.

Ti ilé-iṣẹ́ ńkọ́? Nínú ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó kàn. Ọmọ tó bá ti pé 18, wọ́n ka á sí àgbà tó lè bọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń sọ yìí kò ní kúrò lọ́wọ́ òbí ní ọdún 18, bóyá kò ní kúrò ní ọdún 40. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá lórí àdéhùn tuntun, a fẹ́ kí ó wọ inú rẹ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa wà lábẹ́ ìtọ́jú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ náà bá wà lẹ́nu iṣẹ́. A tún fẹ́ kí ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ nínú iṣẹ́ òru bó bá bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe àánú la ń tọrọ.

Àwọn kan ti ń sọ pé owó ẹgbẹ́ kò tó fún èyí, pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé ìtọ́jú. A gbọ́. Àmọ́ ẹ rántí ìgbà tí ìjọba ti ibodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. Ọkọ̀ wa dúró, àwa bàbá jókòó sílé. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rí ohun tí àwọn ìyàwó wa ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́ lórí ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wá a kiri, wọ́n ń bá àwọn aládùúgbò jà nítorí rẹ̀, wọ́n sì tún ń ta ọjà. Awakọ̀ kan sọ fún wa pé òun tí òun máa ń wa ọkọ̀ dé Ẹ̀kó lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré tí òun fi ṣọ́ ọmọ òun rẹ òun ju oṣù kan lójú ọ̀nà lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń béèrè yìí kò sì ná wa lówó. Ní ìdíje bọ́ọ̀lù May Day tí à ń ṣe, ẹ jẹ́ kí a fi díẹ̀ lára wọn sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, bí wọ́n ti ń ṣe nínú Special Olympics, tí ọmọ wọ̀nyí àti ọmọ yòókù jọ ń wọ ẹ̀wù kan náà. Bí a bá ń pe ara wa sí ìnáwó, ẹ máa sọ ọ́ tààrà pé, "Ẹ mú gbogbo ọmọ yín wá."

Ìbéèrè kan kù tí gbogbo òbí wọ̀nyí bi wa, tí a kò sì tíì lè dáhùn tán: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí àwọn bá kú? Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà ní ìṣòro tiwọn. Ní 1946, ìyá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Judy Fryd, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé kí àwọn òbí tó ní irú ọmọ tí òun ní kọ̀wé sí òun. Ọ̀pọ̀ kọ̀wé sí i, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà tí ń jẹ́ Mencap sì wà di òní. Bí ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí àwọn òbí tó wà láàárín wa mọ ara wọn ná, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí àpótí owó àjọṣe wa ṣe fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ni wọn yóò sọ fún ìgbìmọ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ni yóò sọ fún wọn.

Akọ̀wé ẹ̀ka ti ṣí ìwé kan fún orúkọ wọn. Ẹ mú fọ́tò ọmọ kan àti nọ́ńbà fóònù méjì wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí òun, kó wá ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá ti wọlé. Akọ̀wé yóò wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú ọmọ náà wá fúnra rẹ̀, kó mú un wá lójú ọ̀sán, kó gba àárín gáréèjì kọjá. Awakọ̀ tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mú tirẹ̀ wá. Ní ọjọ́ tí à ń kọ èyí, ọmọ náà wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ọ́fíìsì, ó ń ka iye ọkọ̀ tó ń wọlé. Ó ń ṣì í kà, àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ sì ń bá a tún un kà.